‘Ó rẹ̀ mí’ àbí ‘ó sú mi’? Bí ìwé ìbéèrè nípa àárẹ̀ àwọn dókítà ṣe ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn

Àbúrò mi kan tó jẹ́ dókítà pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá ti kọjá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu kọ́ọ̀lù dé ni, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọn kì í jáde níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Mo rò pé oúnjẹ ló ń wá. Àṣé fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí WhatsApp, pé kí kálukú dáhùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

‘Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín rèé. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, báwo ni mo ṣe jẹ́ emotionally exhausted tó níbi iṣẹ́. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń bi mí gan-an? Ṣé bó ṣe rẹ̀ mí ni, àbí bó ṣe sú mi?’

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi ń jẹun, ìwé ìlera ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí ọmọ yìí bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn olùwádìí ń ná owó àti ọdún lé lórí. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn bá gbé e pé ìdá báyìí nínú àwọn dókítà orílẹ̀-èdè kan ni iṣẹ́ ti tán lókun, inú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti jáde. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fọ́ọ̀mù láti ilẹ̀ kan dé òmíràn kò ní mọ nọ́ńbà tó yẹ kó gbà àti èyí tó yẹ kó fura sí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ná. Burnout ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bí iná tó jó títí tí kò fi sí epo mọ́. Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ inú ìwé ní 1974. Ó máa ń ṣèrànwọ́ ní ilé ìwòsàn kan tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, ó sì rí i pé àwọn tó fi gbogbo ọkàn wọn wọ iṣẹ́ náà gan-an ló ń ṣubú sínú rẹ̀: wọ́n á gbẹ, inú á máa bí wọn sódì, ọ̀rọ̀ aláìsàn kò ní wọ̀ wọ́n létí mọ́. Ní 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé ìwé ìbéèrè kan jáde láti fi wọ̀n ọ́n. Ìbéèrè 22 ló wà nínú rẹ̀, ó sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta: bí iṣẹ́ ṣe fa ọkàn ènìyàn gbẹ tó, bí ó ṣe ń wo àwọn tó ń tọ́jú bí igi tàbí òkúta, àti bóyá ó ṣì gbà pé iṣẹ́ òun ń so èso. Láti ìgbà náà ni ìwé yìí ti di bàbá fún àwọn yòókù. Ní 2019, àjọ ìlera àgbáyé WHO fi ọ̀rọ̀ náà sínú àkọsílẹ̀ àìsàn wọn tuntun, ICD-11, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó fún wàhálà inú ilé tàbí ti ìgbéyàwó.

Nínú àlàyé yìí, èmi yóò máa pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́. Mo mọ̀ pé orúkọ náà kò bá a mu tán. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi kì í ṣe ti Maslach. Professional Fulfillment Index ni, PFI tí a bá gé e kúrú. Àwọn ará Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, Mickey Trockel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Ohun tó mú kó yàtọ̀ ni pé kì í béèrè ìyà nìkan. Ìbéèrè 16 ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́fà ń wádìí bóyá iṣẹ́ náà dùn mọ́ dókítà, bóyá ó nítumọ̀ sí i. Mẹ́rin ń wádìí àárẹ̀ náà gan-an. Mẹ́fà tó kù ń wádìí bóyá ọkàn rẹ̀ ti ń jìnnà sí aláìsàn àti sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èrò wọn dára lójú mi: ẹni tí kò sunkún kò tíì rẹ́rìn-ín. Dókítà lè wà tí iṣẹ́ kò tíì tán lókun, síbẹ̀ tí kò rí adùn kankan níbẹ̀, tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó ń san gbèsè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 0 dé 4: 0 ni pé kò sí rárá, 4 ni pé ó pọ̀ kọjá sísọ. Ká ní ẹnì kan dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá tó jẹ mọ́ àárẹ̀ àti ìjìnnà, tí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹ pín in sí mẹ́wàá, 1.5 ni. Ibi tí wọ́n fa ìlà sí ni 1.33, ìyẹn ni pé onítọ̀hún ti kọjá ìlà, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí iṣẹ́ ti tán lókun. Ní ti adùn iṣẹ́, ẹni tó bá tó 3 sókè ni wọ́n ń kà sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ lọ́rùn. Ẹ kíyè sí i pé ìlà 1.33 yẹn, inú ìdáhùn àwọn dókítà Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fà á jáde. Kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Tí àròpọ̀ ẹni yẹn bá jẹ́ 13, 1.3 ni, kò tíì kọjá ìlà. Ààmì méjì péré ló wà láàárín ẹni tí wọ́n ní iṣẹ́ ti tán lókun àti ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n túmọ̀ ṣákálá tó láti gbé ènìyàn kọjá ìlà náà tàbí kó dá a padà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dàrú tó. Ní 2018 kan náà, àwọn olùwádìí kan kó gbogbo iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n rí lórí àárẹ̀ iṣẹ́ àwọn dókítà jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. Ìwádìí 182 ni, láti orílẹ̀-èdè 45, àwọn tó dáhùn lé ní 109,000. Wọ́n fẹ́ mọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún dókítà ni àárẹ̀ yìí ti mú. Ìdáhùn tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 80.5. Ibì kan ní kò mú ẹnikẹ́ni, ibòmíràn ní ó mú mẹ́jọ nínú mẹ́wàá! Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé ó kéré tán, ọ̀nà 142 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn olùwádìí fi ń sọ ẹni tó ní àárẹ̀ iṣẹ́ àti ẹni tí kò ní. Àwọn tó ń lo ìwé kan náà pàápàá kò fa ìlà síbì kan náà.

Ẹni tó bá ti ra gààrí rí mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Kóńgò ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n kóńgò ọjà kan kò bá ti ọjà kejì dọ́gba. Àwọn kan máa ń lu ìdí rẹ̀ wọlé, kó lè kún kíákíá. Tí ẹ bá gbọ́ pé kóńgò gààrí wọ́n lọ́jà kan ju èkejì lọ, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa béèrè ni pé kóńgò wo? Ìwé ìbéèrè náà kóńgò ni. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn ni kó mọ̀ bóyá ìdí rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé jáde ní 2000, láti ọwọ́ Dorcas Beaton, ará Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni méjì á kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé náà, kálukú lọ́tọ̀. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìwé náà ń wá, èkejì kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n rárá, kí èdè rẹ̀ lè jẹ́ ti ọmọ aráyé. Wọ́n á wá jókòó pọ̀, wọ́n á da méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ẹni méjì mìíràn tí kò tíì fojú kan Gẹ̀ẹ́sì ìpilẹ̀ṣẹ̀ á tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ kan, tí àwọn onímọ̀ ìlera, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn ògbufọ̀ náà wà níbẹ̀, á fi gbogbo rẹ̀ wéra. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á gbé e fún ènìyàn bí 30 sí 40 láti dán an wò, wọ́n á sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí.

Lórí ìwé, ó mọ́ tónítóní. Àmọ́ ní yàrá ìgbìmọ̀, ariwo ni. Tíì á tutù lórí tábìlì nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká dán ọ̀kan wò. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé Maslach tó bá èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ, tó ní ó ń ṣe ènìyàn bí ẹni pé ó ti dé ìparí okùn rẹ̀. Lójú ọmọ Amẹ́ríkà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn ń sọ pé sùúrù tàbí agbára òun ti tán ni. Ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe rí: ‘Mo ti dé ìparí okùn mi.’ Etí Yorùbá kì í gbọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbànújẹ́ kó má rántí ẹni tó pokùn so. Ìbéèrè tó yẹ kó wọ̀n àárẹ̀ ti di ìbéèrè nípa ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé tí ẹ bá fún ẹlòmíràn kó tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó máa bọ̀ sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, kò ní yẹ̀ ní lẹ́tà kan. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé títú padà nìkan á pàtẹ́wọ́. Ní tèmi, ‘apá mi kò ká a mọ́’ ni mo máa kọ. Tí wọ́n bá tú ìyẹn padà, okùn kankan kò ní sí níbẹ̀, ẹni tó bá ń fi ojú ìwé wò ó á ní mo ṣì í. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé títú padà máa ń ṣàfihàn ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ìtumọ̀ tó dára hàn yín.

Ká wá padà sí ìbéèrè àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ bí i mẹ́rin ló wà nílẹ̀ tí mo lè mú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní kọ́lọ́fín tirẹ̀. ‘Ó rẹ̀ mí’ ló máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ‘ó ń rẹ ìyá láti àná’, kì í ṣe iṣẹ́ ni ìyá ṣe, ara ìyá ni kò yá. Ẹni tí ibà mú lọ́sẹ̀ tó kọjá lè fi òótọ́ inú mú 4 níbẹ̀ nítorí ibà rẹ̀. ‘Ó sú mi’ jẹ́ ti ọkàn, ìyẹn dáa, àmọ́ ó ní ìbínú nínú, ó tún ní ìpinnu: ẹni tí nǹkan bá sú ti fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ fa ọkàn rẹ̀ gbẹ lè má fẹ́ kúrò rárá. ‘Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì’ dún bí ẹni pé òun gan-an ni, títí ẹ óò fi rántí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní depression, ìyẹn sì ní ìwé ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. ‘Apá mi kò ká a mọ́’ sì ń sọ nípa bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ ju bí ọkàn ṣe rí lọ. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, mo máa kọ gbólóhùn tó gùn díẹ̀: ‘Iṣẹ́ náà ti gba gbogbo okun inú mi, kò ku nǹkan kan tí mo lè fi bá ènìyàn kẹ́dùn.’ Ìgbìmọ̀ lè ní ó ti gùn jù, pé ó ti da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Òótọ́ ni wọ́n á sọ. Ibi tí tíì ti ń tutù nìyẹn.

Ní ti apá adùn iṣẹ́, pàkúté mìíràn tún wà níbẹ̀, lójú mi òun ló le jù nínú gbogbo ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo atúmọ̀ èdè máa fún yín ni ‘ìtẹ́lọ́rùn’. Ẹ rò ó wò. Níbo ni a ti ń gbọ́ ìtẹ́lọ́rùn? Lórí pẹpẹ ìwàásù ni, nínú wáàsí ni, lẹ́nu ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ wí pé kó má ṣe ojúkòkòrò. Ìwà rere ni ìtẹ́lọ́rùn lọ́dọ̀ wa. Tí ẹ bá bi dókítà kan pé ‘ṣé o ní ìtẹ́lọ́rùn nínú iṣẹ́ rẹ?’, ohun tó gbọ́ ni pé ‘ṣé ọmọ tó níwà ni ọ́?’ Ta ló máa ní òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Owó oṣù lè má wọlé fún oṣù mẹ́ta, á ṣì mú 4, á ní ká sá máa dúpẹ́. Ìwé náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti ń wọ̀n ìwà ọmọlúàbí. Mo fara mọ́ kí a béèrè bóyá iṣẹ́ náà ‘dùn mọ́’ ọ, bóyá o rí i pé o ‘ń wúlò’ níbẹ̀. Kò dún bí ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ènìyàn lè sọ pé rárá kí ojú má tì í.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn báyìí. Àwọn dókítà wa kì í ṣe Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú fáìlì aláìsàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe ìdánwò, kí ló dé tí wọn kò ní dáhùn ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì?

Wọ́n lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè nìkan kọ́ ni à ń gbé kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà. Ìbéèrè kan nínú PFI ń wádìí bóyá nǹkan wà ní ìkáwọ́ dókítà nígbà tí ìṣòro tó le bá dé níbi iṣẹ́. Ní California, níbi tí Stanford wà, ọ̀rọ̀ nípa ọkàn dókítà fúnra rẹ̀ ni: ṣé ó gbà pé òun tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì kan náà, láìyí ohunkóhun padà, fún dókítà tó dúró ti aláìsàn nígbà tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́, tí àwọn ẹbí ṣì ń wá owó ẹ̀jẹ̀. Tó bá ní nǹkan kò sí ní ìkáwọ́ òun, ipò tí ilé ìwòsàn wà ló ròyìn fún yín, ẹ̀yin sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé òun ni kò rí adùn nínú iṣẹ́. Òmíràn wà tó jẹ́ ẹni Ọlọ́run, tó máa mú nọ́ńbà tó kéré nítorí ó gbà pé Ọlọ́run nìkan ni nǹkan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìwé yìí kò ní ibi tí wọ́n lè kọ èyí sí.

Ó tún ku bí ènìyàn ṣe ń dáhùn. Tí ẹ bá bi Yorùbá pé ‘ṣé àlàáfíà ni?’, á ní ‘a dúpẹ́’, bí ilé tilẹ̀ ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa, ìkíni ló ń dáhùn. Àwọn kan ń gbé ‘a dúpẹ́’ yìí wọnú fọ́ọ̀mù. Ẹlòmíràn ń ronú pé ọ̀gá lè rí i. Ẹlòmíràn tún wà tí wọ́n ti fi ‘iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́’ tọ́ dàgbà, tí kò lè rántí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni nílé wọn sọ pé iṣẹ́ sú òun kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ.

Ilẹ̀ Japan wà lára ibi tó jẹ́ kí àwọn olùwádìí mọ̀ bí èyí ṣe lè yí nọ́ńbà padà tó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i pé tí wọ́n bá bi òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Japan nípa ìdùnnú tàbí ìrètí, ó máa ń fi ọwọ́ fà á sẹ́yìn, torí láwùjọ wọn, kò bójú mu kí ènìyàn máa pariwo ire ara rẹ̀. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ṣe ní Utrecht nílẹ̀ Netherlands, tó ń wọ̀n bí ènìyàn ṣe fi tọkàntara wọ iṣẹ́ rẹ̀. Máàkì àwọn ará Japan máa ń kéré jọjọ níbẹ̀, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí òṣìṣẹ́ kára! Ní 2010, Akihito Shimazu, Wilmar Schaufeli, tó wà lára àwọn tó ṣe ìwé náà gan-an, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìdáhùn àwọn ará Japan àti ti Netherlands wéra, ìbéèrè kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n rí i pé ìwé náà kò wọ̀n àwọn méjèèjì bákan náà, àti pé kí ènìyàn fura kó tó fi máàkì ilẹ̀ kan lé ti èkejì. Ìtumọ̀ èdè kò ní àbùkù o. Ìdí kóńgò ló yàtọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìdí kóńgò yàtọ̀? Ibí ni ìṣirò ti ń wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Àkọ́kọ́ ni alpha, tí Lee Cronbach, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lé lórí ní 1951, tí wọ́n sì wá ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Ó ń wò bóyá àwọn ìbéèrè tó wà nínú ìdì kan náà jọ ń lọ síbì kan náà: tí ẹni tó mú 4 sí ìkan bá máa ń mú 3 tàbí 4 sí àwọn yòókù, a jẹ́ pé wọ́n jọ ń sọ ohun kan. 0.7 sókè ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́. Alpha máa ń jẹ́ kí inú olùwádìí dùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ìbéèrè mẹ́fà lè jọ máa sọ ohun kan náà kí ohun náà má jẹ́ èyí tí ẹ ń wá. Ìtẹ́lọ́rùn inú ìwàásù lè ní alpha tó ga gan-an.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ní ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, wọ́n ń wò bóyá àwọn ìbéèrè náà pín sí ìdì kan náà nílẹ̀ méjèèjì: ṣé kóńgò ni àwọn méjèèjì, àbí agolo mílíìkì lẹnìkan ń lò? Ní ìkejì, wọ́n ń wò bóyá ìgbésẹ̀ kan sókè nílẹ̀ kìíní wúwo tó ìgbésẹ̀ kan nílẹ̀ kejì. Ní ìkẹta, wọ́n ń wò bóyá wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà: dókítà méjì tí àárẹ̀ wọn dọ́gba, ọ̀kan ní ibí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ṣé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n á mú? Ìdí tí wọ́n lù wọlé nìyẹn. Tí ìpele kẹta yìí bá wó, ẹ ṣì lè lo ìwé náà láàárín ilẹ̀ kan ṣoṣo, láti mọ̀ bóyá ọdún yìí sàn ju èṣí lọ. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni kí ẹ to orílẹ̀-èdè lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ ní àwọn báyìí ló ń jìyà jù. Àtẹ irú èyí sì ni ìwé ìròyìn fẹ́ràn jù.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa. Ìbàdàn ní àpẹẹrẹ kan tí mo máa ń fi yangàn. Ní 1992 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí Benjamin Osuntokun ṣáájú, àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ìwé ìbéèrè tó wà nígbà náà kún fún ìwé kíkà àti kíkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá Ìdíkàn kò dé ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ bá wọn gbé e báyẹn, ẹ máa sọ pé gbogbo àdúgbò ló ti ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n lo ìwé kan tí wọ́n dìídì ṣe kó má gbára lé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n bi ẹbí léèrè pẹ̀lú. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2001, iye ẹni tí àrùn Alzheimer ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn jẹ́ 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Indianapolis sì jẹ́ 2.52. Àwọn onímọ̀ rí nǹkan gidi jiyàn lé lórí, bóyá oúnjẹ ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni, nítorí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe wàhálà lórí kóńgò.

Nígbà mìíràn sì rèé, ilẹ̀ kan ní ìyà tí ìwé àjèjì kò béèrè rárá. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí ìwé kíkà ti dá lágara: orí wọn ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, wọn kò lè mú ohun tí wọ́n kà dání. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ló ń pè é ní brain fag. Ẹ wo PFI láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí orí gbígbóná níbẹ̀. Ìwé tí a gbé wá láti òkè òkun lè péye délẹ̀ lórí ohun tó béèrè, kó sì fi ohun tó ń dun àwọn ará ilé gan-an sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbà pé ó yẹ kí wọ́n máa fi ìbéèrè tuntun kún un. Àwọn mìíràn kọ̀, wọ́n ní tí ẹ bá ti fi kún un, kò lè bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba mọ́. Mo wà lẹ́yìn àwọn àkọ́kọ́. Tí mo bá ní láti yàn láàárín kí n mọ ohun tó ń ṣe àbúrò mi àti kí n lè fi í wé dókítà California, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pe ọmọ náà láti gbọ́ bí fọ́ọ̀mù ṣe parí. Ó ní òun ti fi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn. Mo bi í pé kí ló mú sí ìbéèrè tá a jọ jiyàn lé lórí.

‘Mo mú 2.’

‘2 kẹ̀? Ẹni tó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú òun tán!’

‘Ẹ̀gbọ́n, oorun ti ń kùn mí. Àárín fóònù ni àtàǹpàkò mi wà.’